Bí wọ́n ṣe ń fi ìró wá gáàsì tó dì bí yìnyín lábẹ́ òkun

Ẹni tó bá ń ta kpayo lẹ́bàá títì kì í dúró dìgbà tó bá ṣí bìdọ́ọ̀nù kó tó mọ ibi tí epo inú rẹ̀ kù sí. Ó kàn máa fi ìka gbá ara rẹ̀ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀ ni. Ibi tó ṣófo á máa dún gbò-gbò, ibi tí epo wà á dún kì-kì. Ibi tí ìró bá ti yí padà, ibẹ̀ ni epo dé. Ohun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń ṣe lójú òkun náà nìyẹn nígbà tí wọ́n bá ń wá gáàsì tó dì sínú ilẹ̀ ìsàlẹ̀ omi. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé omi tó wà láàárín àwọn àti ilẹ̀ náà lè jìn tó kìlómítà kan, méjì, tàbí mẹ́ta.

Ó ti pẹ́ tá a ti ń gbọ́ lórí rédíò pé Jàpáànù rí gáàsì rẹpẹtẹ lábẹ́ òkun, pé Ṣáínà náà rí tirẹ̀. Irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ máa ń dùn-ún gbọ́. Àmọ́ nígbà tí wọ́n bá ní "wọ́n ti rí i", kí gan-an ni wọ́n rí? Lọ́pọ̀ ìgbà, ìlà kan lórí àwòrán ni. Ìlà yẹn wúlò gan-an, ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ kò tó ohun tí àwọn èèyàn ń fi sí i lẹ́nu. Ẹ jẹ́ ká wò ó bó ṣe jẹ́.

Kí ni yìnyín gáàsì?

Àwọn Faransé ń pè é ní hydrate de méthane. Àwa á máa pè é ní yìnyín gáàsì níbí, torí pé bó ṣe rí lójú nìyẹn: ó funfun, ó tutù, ó sì máa ń yọ́. Ẹ ṣáná sí i, ó ń jó.

Mẹ́táànì ni gáàsì tó wà nínú rẹ̀. Ẹ ò ní ṣàìmọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá ti ọ̀pá bọ inú ẹrẹ̀ dúdú etí ọ̀sà, nǹkan á máa hó pùtù-pùtù jáde sójú omi. Ewé àti oríṣiríṣi ìdọ̀tí tó ti jẹrà síbẹ̀ ni àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí ń jẹ, àwọn ló ń sọ ọ́ di gáàsì. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun. Ṣùgbọ́n lọ́hùn-ún, òtútù mú, omi tó wà lórí ilẹ̀ náà sì wúwo, ó ń tẹ gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀. Nígbà tí òtútù àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ yẹn bá pàdé, omi á dì yí gáàsì ká bí ìgbà tí èèyàn dé àgò mọ́ adìyẹ lórí. Gáàsì á wà láàárín, kò ní ríbi jáde. Mítà kúbù kan yìnyín yìí, tó bá yọ́ tán, ń mú nǹkan bí 164 mítà kúbù gáàsì jáde. Ìdí tí àwọn ìjọba ṣe ń wá a kiri nìyẹn.

Kì í wà níbi gbogbo o. Níbi tí omi bá tutù dé nǹkan bí dígíríì 4, òkun gbọ́dọ̀ jìn tó bí 400 mítà kí ó tó lè dúró. Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí èèyàn bá ṣe ń wọ inú ilẹ̀ lọ ni ilẹ̀ ń gbóná sí i, nǹkan bíi dígíríì 3 ní gbogbo 100 mítà, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì lè máà tó o. Nítorí náà ó ní ibi tí yìnyín yìí máa dé tí kò ní lè wà mọ́. Lókè ibẹ̀, gáàsì lè dì. Nísàlẹ̀ ibẹ̀, ooru ò ní jẹ́ kó dì, gáàsì lásán ló máa wà láàárín ẹrẹ̀ àti yanrìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ààlà yìí sọ́kàn, torí òun gan-an ni ìró ń rí.

Ìbọn tí kò ní ọta

Ọkọ̀ ojú omi tó ń ṣe ìwádìí yìí kì í sáré. Ó ń lọ bí ẹni tó ń sáré pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nǹkan bíi kìlómítà 8 tàbí 9 ní wákàtí kan. Ó ń fa nǹkan méjì lẹ́yìn. Èkíní ni ìbọn atẹ́gùn: irin tí wọ́n fún atẹ́gùn sínú rẹ̀ títí tó fi le koko, tí wọ́n á sì ṣí i lójijì lábẹ́ omi. Atẹ́gùn á bú jáde, gbòlà! Lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, wọ́n á tún yìn ín. Ọ̀sán àti òru ni wọ́n fi ń ṣe é. Ìkejì ni okùn gígùn tí àwọn ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìró wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Okùn yìí lè gùn tó kìlómítà mélòó kan. Àwọn Faransé ń pè é ní flûte, bẹ́ẹ̀ kì í fọn rárá, ńṣe ló ń tẹ́tí.

Ìró máa ń yára nínú omi òkun ju nínú afẹ́fẹ́ lọ: nǹkan bíi 1,500 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ká sọ pé òkun jìn ní 1,500 mítà. Ìró á lo ìṣẹ́jú-àáyá kan láti dé ìsàlẹ̀, á tún lo ọ̀kan láti padà sókè. Tí okùn bá gbọ́ ọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá méjì, a ti mọ bí omi ṣe jìn tó. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìró ló ń padà láti ojú ilẹ̀. Èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ ń wọlẹ̀ lọ. Níbi tó bá ti bọ́ láti inú amọ̀ sínú yanrìn, tàbí láti ibi rírọ̀ sí ibi líle, díẹ̀ á tún ta padà wá. Bí wọ́n bá to gbogbo èsì yẹn pọ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ibọn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì, á di àwòrán: ìpele ilẹ̀ lórí ìpele ilẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n fi ọ̀bẹ la àkàrà sí méjì tí a sì ń wo inú rẹ̀.

Irú ìró tí wọ́n ń lò ṣe pàtàkì. Nígbà tí wọ́n bá ń ṣe òde ní abúlé kejì, bàsì nìkan ló máa ń dé etí wa, a kì í gbọ́ ohùn akọrin. Bẹ́ẹ̀ náà ni inú ilẹ̀. Ìró tó nípọn ń wọlé jìnnà, ṣùgbọ́n àwòrán rẹ̀ kì í mọ́lẹ̀ dáadáa, nǹkan tí kò nípọn tó mítà mélòó kan lè fara pa mọ́ nínú rẹ̀. Ìró tín-ín-rín ń fi nǹkan kéékèèké hàn kedere, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tó fi ń kú sínú ilẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ méjèèjì á ṣe iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀mejì ni. Wọ́n tún lè sọ àwọn ẹ̀rọ agbọ́ròó kalẹ̀ sísàlẹ̀ òkun gan-an, kí wọ́n lè mọ bí ìró ṣe ń yára tó nínú ìpele ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Yíyára yẹn ṣe pàtàkì, torí pé yìnyín gáàsì máa ń mú kí ilẹ̀ le, ìró á sì yára nínú rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Gáàsì lásán, ní tirẹ̀, ń fa ìró sẹ́yìn. Ilẹ̀ tí gáàsì wà nínú rẹ̀ lè mú kí ìró lọ́ra ju bó ṣe ń lọ nínú omi lásán lọ.

Ìlà tó ń ṣe bí ojú ilẹ̀ òkun

Ibi tó dùn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí rèé. Ní ààlà tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn, ilẹ̀ tó le torí yìnyín wà lókè, ilẹ̀ tó rọ̀ torí gáàsì wà nísàlẹ̀. Ìró tó bá débẹ̀ á ta padà pẹ̀lú agbára. Lórí àwòrán, ìlà dúdú kan á yọ jáde. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní BSR.

Nǹkan méjì ni wọ́n fi ń dá a mọ̀. Àkọ́kọ́, ìlà yìí kì í tẹ̀ lé ìpele ilẹ̀, ojú ilẹ̀ òkun ló ń tẹ̀ lé. Tí òkè bá wà ní ìsàlẹ̀ òkun, ìlà náà á gun òkè. Tí kòtò bá wà, á sọ̀ kalẹ̀. Àwọn ìpele ilẹ̀ lè dagun, wọ́n lè dùbúlẹ̀, kò kàn án, á gba àárín wọn kọjá. Ìdí ni pé kì í ṣe irú ilẹ̀ tó wà níbẹ̀ ló dá a sílẹ̀, ìgbóná àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ni, àwọn méjèèjì sì ń tẹ̀ lé ojú ilẹ̀ òkun. Ìkejì, ìró tó padà láti ibẹ̀ dojú dé. Nígbà tí ìró bá bọ́ láti ibi rírọ̀ sí ibi líle, bó ṣe lọ ló ń padà. Nígbà tó bá bọ́ láti ibi líle sí ibi rírọ̀, òkè rẹ̀ á di ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á di òkè. Ojú ilẹ̀ òkun ń dá ìró padà lọ́nà àkọ́kọ́, BSR ń dá a padà lọ́nà ìkejì.

Ìlà yìí tún ń sọ nǹkan míràn fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá mọ bí ìlà náà ṣe jìn tó ti mọ bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe ń gbóná tó, láì gbẹ́ ihò kankan.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Ohun tó jẹ́ kí ìlà yẹn dúdú bẹ́ẹ̀ ni gáàsì tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ju yìnyín tó wà lókè rẹ̀ lọ. Kò sì pọn dandan kí gáàsì náà pọ̀: díẹ̀ bín-ńtín ti tó láti fa ìró sẹ́yìn. Ẹni tó bá rí ìlà dúdú tó sì ń ka owó ti yára jù.

Ohun tí wọ́n rí ní Blake Ridge

Ibi tí wọ́n ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí jù ni òkè gígùn kan tó wà lábẹ́ òkun, ní gúúsù ìlà-oòrùn etí òkun Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní Blake Ridge. Ní 1970, ọkọ̀ Glomar Challenger lọ lu ilẹ̀ níbẹ̀, torí ìlà àjèjì kan tí wọ́n rí nínú àwòrán ìró. Gáàsì pọ̀ nínú ẹrẹ̀ tí wọ́n fà jáde, ìgbà yẹn sì ni ọ̀rọ̀ yìnyín gáàsì bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn onímọ̀ lọ́kàn.

Ọdún 25 lẹ́yìn náà, ìparí 1995, ọkọ̀ míràn, JOIDES Resolution, padà síbẹ̀. Omi ibẹ̀ jìn tó nǹkan bíi 2,770 mítà. Ìró á lo bí ìṣẹ́jú-àáyá 3.7 láti lọ àti láti bọ̀ kó tó kan inú ilẹ̀ rárá. Wọ́n lu ihò sí ibi mẹ́ta lórí ìlà kan tí kò tó kìlómítà 10. Ní méjì nínú wọn, BSR hàn gbangba, ní nǹkan bí 450 mítà nísàlẹ̀ ojú ilẹ̀. Ní ìkẹta, tí wọ́n ń pè ní ibùdó 994, kò sí BSR rárá.

Kí lẹ rò pé wọ́n bá níbẹ̀? Wọ́n bá yìnyín gáàsì, iye rẹ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn ibi tí ìlà wà. Gáàsì tí kò pọ̀ tó nísàlẹ̀ ni kò jẹ́ kí ìlà yọ. Èyí túmọ̀ sí pé ìlà lè máà sí, kí yìnyín wà. Lápá kejì, níbi tí ìlà ti dúdú kedere, yìnyín náà ò pọ̀ bí àwọn kan ṣe rò: ìdá mélòó kan péré nínú ọgọ́rùn-ún ni, ó sì fọ́n ká sínú ẹrẹ̀ rírọ̀ tó nípọn tó nǹkan bí 250 mítà. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ kéré débi pé ojú ò lè rí i. Ó dà bí iyọ̀ inú ọbẹ̀. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò fi ọwọ́ ṣà á?

Láti ìgbà tí wọ́n ti ń lu ihò síbi púpọ̀ sí i ni ìṣirò gáàsì tó dì lábẹ́ òkun gbogbo ayé ti ń wálẹ̀. Àwọn iye tí wọ́n kọ ní bí 40 ọdún sẹ́yìn ga fíìfíì ju ti ìsinsìnyí lọ. Mo rí i pé iye àtijọ́ yẹn náà ni àwọn kan ṣì ń kà jáde lórí rédíò.

Jàpáànù wá yanrìn

Jàpáànù kò ní epo tàbí gáàsì tó tó nǹkan, ọ̀rọ̀ yìí sì ká wọn lára. Ní etí òkun wọn lápá gúúsù, níbi tí wọ́n ń pè ní Nankai, BSR wà káàkiri. Wọ́n kọ́kọ́ fi ọkọ̀ fa ìlà-ìlà. Ní 2002 wọ́n wá ṣe èyí tó gbẹ̀kọ́: dípò kí wọ́n la àkàrà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, títí wọ́n fi lè wo inú rẹ̀ láti ìhà gbogbo. Ní 2004 wọ́n lu ihò síbi púpọ̀ láti fi wádìí ohun tí àwòrán sọ.

Ọgbọ́n tí wọ́n fi ṣe é ni pé wọn ò wá ìlà nìkan. Wọ́n wá ibi tí nǹkan mẹ́rin ti pàdé: BSR wà, ìró tó ń padà láti òkè rẹ̀ lágbára, ìró ń yára níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, bí ìpele ṣe tò sì fi hàn pé yanrìn ni, kì í ṣe amọ̀ nìkan. Nínú yanrìn, àyè wà láàárín hóró kan àti ìkejì, yìnyín lè kún ibẹ̀ dáadáa, gáàsì sì lè rìn jáde bí omi ṣe ń rìn wá sínú fọ́ráàjì. Nínú amọ̀, kò lè rìn.

Ní oṣù kẹta 2013, ọkọ̀ Chikyu lu ihò sí ọ̀kan lára àwọn ibi yẹn, wọ́n fa omi inú ihò náà kúrò kí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ lè dínkù, yìnyín sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Gáàsì jáde fún ọjọ́ mẹ́fà, nǹkan bí 120,000 mítà kúbù. Àwòrán ìró ò parọ́. Lẹ́yìn náà ni yanrìn tí wọ́n ń wá lójú méjèèjì ya wọ inú ihò, ó dí i, iṣẹ́ dúró. Wọ́n tún gbìyànjú ní 2017. Ṣáínà náà ṣe tirẹ̀ lọ́dún yẹn ní gúúsù òkun wọn, fún 60 ọjọ́, gáàsì tó jáde lé ní 300,000 mítà kúbù. Títí di òní, kò tíì sí orílẹ̀-èdè tó ń tà á lọ́jà láti abẹ́ òkun.

Nígbà náà, kí ló dé tí wọ́n ṣì ń yàwòrán rẹ̀? Ìdí kan ni pé ẹni tó bá ń wá epo rọ̀bì lásán lábẹ́ omi jíjìn gbọ́dọ̀ mọ ibi tí yìnyín yìí wà. Ó ń dí páìpù. Ní oṣù karùn-ún 2010, nígbà tí epo ń tú sínú òkun Mẹ́síkò láti kànga Macondo, wọ́n sọ ìdérí ńlá kan kalẹ̀ láti fi bò ó. Gáàsì tó ń jáde dì mọ́ inú ìdérí náà láàárín àkókò díẹ̀, ó dí i pa, wọ́n sì ní láti gbé e kúrò.

Ẹja ńkọ́?

Ẹni tó ń pẹja ní Sèmè tàbí Aného máa béèrè èyí ṣáájú gbogbo rẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ìbọn atẹ́gùn kì í ṣe nǹkan kékeré fún ẹni tó ń gbé inú omi. Ní àwọn ọdún 1990, àwọn ará Norway dán an wò nínú òkun wọn lápá àríwá. Wọ́n pẹja ṣáájú kí ọkọ̀ ìwádìí tó dé, wọ́n pẹja nígbà tó ń yìnbọn, wọ́n tún pẹja fún ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn tó lọ. Ẹja dínkù gidigidi nígbà tí ìbọn ń dún, kì í ṣe níbi tí ọkọ̀ wà nìkan, ó dé ọ̀pọ̀ kìlómítà síbẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ márùn-ún pé, ẹja ò tíì padà dé bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ní ti àwọn ẹja àbùùbùtán, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ti ní òfin: kí wọ́n kọ́kọ́ wo ojú omi dáadáa, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìró kékeré, kí ó máa pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹranko tó wà nítòsí lè ráàyè sá. Ọkọ̀ àti okùn rẹ̀ náà ń gba àyè. Àwọ̀n tó bá kó sí i lẹ́nu ti ya nìyẹn.

Kì í sì í ṣe yìnyín gáàsì nìkan ni wọ́n ń fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wá. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n fi ń wá epo. Epo Sèmè tí wọ́n rí lábẹ́ òkun Benin ní 1968, tí wọ́n sì fà láti 1982 títí di 1998, irú ilé-iṣẹ́ tó ń fi ìró wò abẹ́ ilẹ̀ ló ń wá irú rẹ̀. Torí náà apẹja tó bá rí ọkọ̀ tó ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, tó ń fa okùn gígùn, tó sì ń padà gba ojú ọ̀nà kan náà, kò níláti rò pé gáàsì tó dì ni wọ́n ń wá.

Èyí tó sún mọ́ wa jù nínú yìnyín gáàsì wà ní òkun Nàìjíríà, níwájú ẹnu odò Ọya. Níbẹ̀, nínú omi tó jìn ju 1,000 mítà lọ, àwòrán ìró fi àwọn kòtò roboto hàn lójú ilẹ̀ òkun, àti ọ̀nà tóóró tí gáàsì ń gbà gòkè wá sínú wọn láti ìsàlẹ̀. Ní 2011, ọkọ̀ ìwádìí àwọn Faransé tó ń jẹ́ Pourquoi pas? lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ kan láti ìlú Bremen ní Jámánì. Wọ́n ń sọ ẹ̀rọ náà kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ òkun, ibẹ̀ ló ti ń lu ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Yìnyín gáàsì tí wọ́n fà jáde nínú àwọn kòtò yẹn kò jìnnà sí ojú ilẹ̀ bíi ti Blake Ridge. Àwọn kan wà ní ìwọ̀nba mítà péré sí i, wọ́n sì dì ní ègé-ègé nínú amọ̀, débi pé èèyàn lè fi ọwọ́ mú un kó tó yọ́.